Kíṣíìnì Ni Ilé

ẸGBỌ́N: Lẹ́tà ti dé o. Munich ni wọ́n ti gba ọmọ mi wọlé fún oyè kejì. Ìwọ lo gbé ibẹ̀ nínú gbogbo wa, ìdí nìyí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́. Ti ìwé kọ́ ló ń kọ mí lóminú, ibi tí yóò máa gbé ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tó yẹ kí ọkàn yín wà náà ló wà. Owó ilé Munich wà lára èyí tó wọ́n jù ní gbogbo Jámánì. Ṣé ó ti forúkọ sílẹ̀ fún họ́sítẹ́ẹ̀lì?

ẸGBỌ́N: Ó ní bí òun bá débẹ̀ lòun máa wá a.

ÀBÚRÒ: Háà! Kó má dán an wò. Níbẹ̀, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Studierendenwerk ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, òun náà ló ń se oúnjẹ ẹ̀dínwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èrò tó ń tò fún yàrá pọ̀ débi pé ẹlòmíì ń dúró ju sáà ẹ̀kọ́ kan lọ kó tó kàn án. Kó forúkọ sílẹ̀ lónìí, kó sì máa wá yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun wà lẹ́yìn odi, pé kó fowó ránṣẹ́ ná kí òun lè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i, gbájúẹ̀ ni.

ẸGBỌ́N: Gbájúẹ̀, ní Jámánì?

ÀBÚRÒ: Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni wọ́n sì ń dọdẹ.

ẸGBỌ́N: Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Nígbà tí mo wà ní họ́ọ̀lù Mọ́remí ní yunifásítì Ifẹ̀, bí mi ò bá jẹun láàárọ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè á ti mọ̀ kó tó di ọ̀sán. Gaàrí ẹnì kan ni gaàrí gbogbo yàrá. Ibà tó mú mi ní ọdún kejì, àwọn alábàágbé mi ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ẹnì kan nínú wọn ló fọ aṣọ mi. Mo wá ń gbọ́ pé níbẹ̀, oníkálukú ló ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Ta ni yóò mọ̀ bí ara ọmọ mi ò bá yá?

ÀBÚRÒ: Òótọ́ lẹ gbọ́. Ẹnì kan yàrá kan ni, ilẹ̀kùn sì máa ń wà ní títì. Mo mọ ọmọ ilẹ̀ wa kan tó jẹ́ pé òru ló ń dáná kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, á wá gbé abọ́ wọ yàrá lọ. Nínú oṣù Kejìlá, tó jẹ́ pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò kórìíra rẹ̀ o. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni.

ẸGBỌ́N: Kí ni kó wá ṣe?

ÀBÚRÒ: Kíṣíìnì ni kó máa jókòó sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyẹn, gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló ń lo kíṣíìnì kan. Wọ́n máa ń pín kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì láàárín ara wọn, tábìlì á sì wà láàárín. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni kó ti máa jẹun nídìí tábìlì yẹn. Kó kí wọn, kó sọ orúkọ rẹ̀, kó ní sùúrù títí wọn á fi pè é bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ. Yàrá kàn wà fún oorun àti ìwé ni.

ẸGBỌ́N: Òórùn ìrú ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Kó sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kó sì bu díẹ̀ fún wọn tọ́ wò. Ibi tí mo ti fẹ́ kó ṣọ́ra ni èéfín. Bó bá ń dáná, kó ṣí fèrèsé, kó sì ti ilẹ̀kùn tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń gbóòórùn èéfín; bó bá fi lè han, gbogbo ilé á tú síta nínú òtútù, panápaná á dé, wọ́n sì lè gbé owó rẹ̀ kà á lọ́rùn. Kó má dín epo fún ayamáṣe níbẹ̀ rárá.

ẸGBỌ́N: Iyán ńkọ́? Mo ti ra odó kékeré kan fún un.

ÀBÚRÒ: Kó gún un lọ́sàn-án. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, wọn kì í fẹ́ ariwo, ọjọ́ Sunday sì jẹ́ ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

ẸGBỌ́N: Òfin yìí mà pọ̀ o! Ilé tàbí ẹ̀wọ̀n?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, òfin yẹn náà ló máa jẹ́ kó lè kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó ṣe ìdánwò, tí onítọ̀hún á sì dín orin kù láìjà. Ó máa bá ìwé kan lára fíríìjì tí wọ́n fi pín iṣẹ́ ìmọ́tótó. Bó bá kàn án, kó ṣe é láìjẹ́ kí wọ́n rán an létí. Abọ́ tó bá sùn sínú síǹkì mọ́jú ló ń da ilé rú jù. Pàǹtí náà, ọ̀tọ̀ ni bébà, ọ̀tọ̀ ni èèpo iṣu. Owó ìgò sì wà níbẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ ike omi tàbí mínírà, sẹ́ǹtì 25 ni ṣọ́ọ̀bù ń dá padà fún ẹyọ kan. Kó má sọ ọ́ nù.

ẸGBỌ́N: Ti owó ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n máa gba owó káṣọ̀n. Kí ó tó gbé ẹrù wọlé, kó ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha àti ibi tó ti bó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí òun àti aṣojú onílé jọ máa fọwọ́ sí. Kó máa ṣí fèrèsé dáadáa lójoojúmọ́, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, nítorí bí ògiri bá bu funfun, nínú owó yẹn ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kó wọlé, kó ti lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tún wà, Yúrò 18.36 lóṣù fún ilé kan, yálà ó ní tẹlifíṣọ̀n tàbí kò ní. Bí àwọn mẹ́ta bá jọ gba ilé kan, ẹyọ kan ni wọ́n máa san, kí wọ́n pín in.

ẸGBỌ́N: Ṣé wọ́n ní ìjọba họ́ọ̀lù bíi tiwa? Èmi náà ti ṣe akọ̀wé rí.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní in, àwọn olùgbé ló sì ń yàn án. Ní Studentenstadt, tó jẹ́ ọgbà akẹ́kọ̀ọ́ ńlá ní Munich, àwọn fúnra wọn ló ń bójú tó ilé ọtí àti ibi ìgbafẹ́ wọn. Àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ fún àwọn obìnrin eléré ìdárayá Olympics 1972 náà ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún wọn kọ́, olùgbé sì máa ń kun ojú ilé rẹ̀ ní àwòrán tó bá wù ú. Sáà ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè fi gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì níye, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sin ilé lè rí àfikún gbà. Kó wá iṣẹ́ kan ṣe nínú ìgbìmọ̀ ilé. Ẹni tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí wọn ò bá rí i fún ọjọ́ méjì.

ẸGBỌ́N: Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Níbo ló wà báyìí?

ẸGBỌ́N: Ó wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kó fi ẹrù sílẹ̀ ná, kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti lẹ́tà yẹn wá. A máa kọ fọ́ọ̀mù họ́sítẹ́ẹ̀lì náà kí n tó kúrò níbí.