Láti Darkuman dé Sekondi: Ipasẹ̀ Kwaw Ansah

Darkuman jẹ́ àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn Accra, nítòsí Kaneshie, níbi tí arìnrìnàjò ti lè wọ trótró, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò kékeré tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ méètì, kí ó sì gba Mallam àti Kasoa lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Gánà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa Kwaw Ansah, olùdarí fíìmù, títì yìí ni kí ó gbà.

Ní oríta Winneba, ọ̀nà kan yà sọ́tùn-ún lọ sí Agona Swedru, níbi tí wọ́n ti bí Ansah ní 1941 fún bàbá tí ó jẹ́ onífọ́tò. Ó kàwé ní London àti New York, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba, lẹ́yìn náà ó dá Film Africa tirẹ̀ sílẹ̀. Owó ni kò sí: àna rẹ̀ ló fi dúkìá dúró kí báǹkì tó yá a lówó tí ó fi ṣe *Love Brewed in the African Pot*, ìtàn ọmọ akọ̀wé àgbà tí ó yarí pé mẹkáníìkì, ọmọ apẹja, ni òun yóò fẹ́.

Títì náà gba Cape Coast, olú-ìlú ìjọba amúnisìn títí di 1877, ibẹ̀ sì bá *Heritage Africa*, fíìmù Ansah mìíràn, mu gan-an. Kwesi Atta Bosomefi inú fíìmù náà sọ ara rẹ̀ di Quincy Arthur Bosomfield kí ó lè di ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fa àpótí àjogúnbá ìdílé lé e lọ́wọ́, ńṣe ni ó fi í ta gómìnà òyìnbó lọ́rẹ. Ìyá sì ní kí ó lọ gbà á padà. Kò sí ìjà tàbí ìbọn tí ó lè dun òǹwòran tó ọrẹ yẹn. Ní 1989, fíìmù yìí gba Étalon de Yennenga, ẹ̀bùn tí ó ga jù ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà tí wọ́n ń ṣe ní Ouagadougou. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ láti orílẹ̀-èdè tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà á.

Ansah tún dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ṣùgbọ́n Sekondi ni ìrìnàjò yìí ń lọ, níbi tí ó ti ṣí Bisa Aberwa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó kún fún ère àti àwòrán àwọn akọni Áfíríkà, ní 2019.