Asẹ́ Kọ́, Afárá Oyin Ni

 

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń kọ́ kẹ́mísírì bi mí ní orúkọ tí a lè fún àwọn ohun oníhò wẹ́wẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń wá èròjà olóró nínú ẹja. Ó ní, "Ṣé kí a kúkú pè é ní asẹ́, sà?" N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ẹja ni ìyá mi ń yan tà ní Ẹ̀pẹ́. Owó ẹja yíyan ni ó fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ní 1990, Janusz Pawliszyn àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo, ní Kánádà, fi ọgbọ́n kan hàn tí a mọ̀ sí SPME. Okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun ni, tí a fi ohun mìíràn bò lára. Wọn a lọ ẹja kúnná, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a sì ti okùn náà bọ inú rẹ̀. Èròjà olóró a lọ fara mọ́ ìbora náà. Lẹ́yìn èyí, wọn a ti okùn bọ ẹnu ẹ̀rọ gbígbóná. Ooru a lé èròjà náà jáde, ẹ̀rọ a sì wọ̀n ọ́n.

Inú ìbora yìí ni ọgbọ́n wà. Lónìí, MOF ni àwọn mìíràn ń lò: èròjà onírin tí a fi èròjà oníkábọ́ọ̀nù so pọ̀, bí ẹni fi igi àti okùn pa àtíbàbà. Nítorí rẹ̀ ni Omar Yaghi, Susumu Kitagawa àti Richard Robson fi gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2025. Bí a bá tẹ́ gbogbo ògiri inú gíráàmù 1 MOF-5 sílẹ̀, yóò ju mítà onígun mẹ́rin 2,000 lọ.

Asẹ́ kọ́ nìyí. Bí a bá sẹ́ ògì, èérí a dúró lókè, omi ògì a kọjá. Asẹ́ fúnra rẹ̀ kò gba nǹkan kan sínú. Afárá oyin ni mo rí. Ó ní ìyàrá. Ohun tí ẹnu ọ̀nà bá gbà a wọlé, a jókòó. Ìgbà tí iná bá rà á ni yóò tó jáde. Puroténì ẹja tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ìta ni yóò wà.

Ohun tí wọ́n ń wá kéré jọjọ. Èéfín igi a máa gbé benzo[a]pyrene jáde, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Láti oṣù kẹsàn-án 2014, òdiwọ̀n gbogboogbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni máíkírógíráàmù 2 nínú kílógíráàmù 1 ẹja tí a fi èéfín yan. Ẹ pín gíráàmù 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú méjì níbẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ afárá lọ bá ìyá mi. Ó yé e yékéyéké. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ẹja tí mo fi ọjọ́ kan yan, wọ́n ti rí ohun tí wọn yóò fi wọn èéfín inú rẹ̀. Èmi tí mo ti wà lẹ́nu iná láti ogójì ọdún, ta ni yóò ki okùn bọ tèmi?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti bẹ bíríkìlà kan kí ó wá kọ́ ààrò tí èéfín rẹ̀ yóò máa gba òkè lọ, kúrò lójú ìyá mi. Mo sì ti kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ mi pé afárá ni kí ó pè é. Mo fi ìbéèrè ìyá mi kún un.

Ire o.