Ẹni Tó Bá Mi Lọ Aṣọ

Tíṣáàtì funfun ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà rẹ̀ pé "Ìwé ló yẹ ọmọdé, kì í ṣe àdá." Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló bá mi lọ̀ ọ́ ní ìdájí 12 oṣù Kẹfà. Áyọ́ọ̀nù gbóná jù, ó jó ọrùn aṣọ náà, àmì rẹ̀ pọ́n bíi gààrí tó jóná. Mo gbá a létí. Mo fi síkáàfù bo ibẹ̀, mo bọ́ sínú ọkọ̀, ó di Ìdànrè, níbi tí mo ti fẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ kòkó sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ wọn.

Ìdìbò Abíọ́lá la fi ń rántí ọjọ́ yẹn nílẹ̀ wa, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé láti 2002 ni gbogbo ayé ti ń fi ọjọ́ kan náà tako fífi ọmọdé ṣiṣẹ́ àṣekú. Èmi mọ̀ ọ́n, torí iṣẹ́ oúnjẹ mi ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun, ló gbà mí pé kí n máa bójú tó oore tí wọ́n ń ṣe fún ìlú, kí n sì rí i pé ọwọ́ ọmọdé ò kan kòkó wọn. Abala 28 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, orí ni mo ti ń kà á. Ó fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lóko tàbí nílé lọ́dọ̀ ẹbí ọmọ. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Gbólóhùn kejì yìí, mo máa ń fò ó kọjá tí mo bá ń kà á fún àwọn àgbẹ̀. Ǹ bá sọ pé n ò mọ̀ pé mò ń fò ó, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Apá Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti mú ọmọ náà wá. Obìnrin kan ló mú un wá, obìnrin náà ló sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní oṣù Kejìlá ọdọọdún. Bí àlejò bá dé, àbúrò mi ni. Ilé-ìwé rẹ̀, "tó bá yá." Ìwádìí kan wà tí àjọ ìṣirò Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní 2022, tó ka ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 24, láti ọmọ ọdún 5 títí dé 17, sára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé. Mo máa ń dárúkọ iye yẹn lórí pèpéle. N kì í ka ti ilé mi mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ba àwọn ọ̀gá mi lẹ́rù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ńláńlá buwọ́ lu àdéhùn kan tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà méjì, Harkin àti Engel, ṣagbátẹrù rẹ̀: tó bá fi máa di 2005, iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù yóò ti kúrò nínú oko kòkó. 2005 dé, wọ́n ní ó di 2008. Ó tún di 2010. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó di 2020, àti pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn máa dín kù. Ẹ mọ ẹni tó jẹ gbèsè, tí a bá kàn sí i, tó ń ní "ẹ padà wá lọ́la." Ní 2020 yẹn, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Chicago ka mílíọ̀nù 1.56 ọmọ nínú oko kòkó Ivory Coast àti Gánà. Wọn ò tilẹ̀ ka ti Nàìjíríà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra kòkó wa lókè òkun ń béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni wọ́n ní kí n wá. Mo ya fọ́tò ọmọ tó gbé ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n tẹ àmì ilé-iṣẹ́ sí lẹ́yìn. Mo ya fọ́tò kànga ẹlẹ́rọ tí pátákó rẹ̀ ga ju ẹ̀rọ ọ̀hún lọ.

Lọ́jọ́ kan, nínú igbó lẹ́yìn Ìdànrè, mo bá ọmọkùnrin kan tí ò lè ju ọdún méjìlá lọ, tó gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn pọ̀n. Omi aláwọ̀ aró ń kán láti ìdí ẹ̀rọ náà, ó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sínú ṣòkòtò. Awọ ọrùn rẹ̀ ti bó. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló ni oko. Ó ń bá onílẹ̀ tọ́jú rẹ̀ ni, wọ́n á pín kòkó sí mẹ́ta, onílẹ̀ á kó méjì. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa oògùn yẹn. Bàbá náà ò jiyàn.

"Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n òjò yìí ni kòkó máa ń rà, òjò yìí la gbọ́dọ̀ fín in. Lébìrà ò ní í gba kòkó tí ò tíì pọ́n, owó ló máa gbà, lónìí. Ibo ni kí n ti rí i?"

"Bàbá, ẹ má bínú sà, òfin ni."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Láàárín oṣù kan, ilé-iṣẹ́ yọ ọ́ kúrò lára àwọn àgbẹ̀ tó ń gba àlékún owó. Wọ́n yìn mí nínú ìpàdé, wọ́n ní mo lójú. Bàbá náà wá ń ta kòkó rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé òṣùwọ̀n káàkiri abà, tí wọ́n ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹ sì mọ ibi tí àwọn yẹn ń kó o lọ? Ilé ìkẹ́rù wa ni. Kòkó tó bá ti wọ àpò, kò lórúkọ mọ́.

Ọmọkùnrin náà ńkọ́? Mo rí i ní gáréèjì Òrè bí ọdún ṣe ń parí lọ, ó gbé ọpọ́n omi inú ọ̀rá lérí, ó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì wa. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ mí. "Àǹtí oníwèé!" Kò bínú, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó na omi méjì sí mi lójú fèrèsé, ó ka ṣéńjì mi pé pérépéré, ó sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì mìíràn.

N ò lè mu omi náà.

Ẹ̀yin á rò pé ìgbà yẹn ni ojú mi là. Ó là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo fi ojú ọ̀hún ṣe. Lọ́sẹ̀ kan náà, mo pe obìnrin tó ń gba owó ọmọbìnrin ọ̀dọ̀ mi, mo ní kó wá mú un. Mo ra aṣọ méjì fún ọmọ náà, mo fún un lówó ọkọ̀. Ọrùn mi ni mo fẹ́ kó mọ́, bí ilé-iṣẹ́ ṣe yọ bàbá náà kí ìwé wọn lè mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló tọ́ mi sọ́nà. Nínú ìpàdé kan, ìyá àgbà kan bi mí pé ta ló pa àáró, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wá ń dá fín oko tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà mẹ́jọ kó ara wọn jọ, wọ́n ń fín oko káàkiri, ẹni tí wọ́n bá fín tirẹ̀ á san án nígbà tí kòkó bá wálé. Owó oògùn àti ìbòmú ló kù. Mo tọ ọ̀gá mi lọ, mo ní ká fi owó pátákó ṣe é. Ó wò mí títí. Ó ní tí ò bá sí pátákó, kí ni a máa yà ní fọ́tò? Wọ́n fún wa ní owó sáà kan, wọ́n ní àwọn á wò ó ná. A ti ń lò ó lọ, a sì tún ń bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn.

Mo fi ìbéèrè kan kún ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù mi: bí ọmọ yìí bá kúrò níbí, ibo ló ń lọ?

Mo pe obìnrin Kétu náà kí n lè dáhùn tèmi. Ó ní ọmọ náà ti wà ní Ṣàgámù lọ́dọ̀ màdámú mìíràn, pé tí mo bá tún nílò, òun ní òmíràn tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ó gbà láti fún mi ní àdírẹ́sì lẹ́yìn tí mo fún un lówó. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Nígbà kejì, mọ́gáàdì ní wọ́n ti kó lọ, òun ò mọ ibi tí wọ́n gbà.