Fóònù Wo Ni Kí N Rà fún Màámi?

Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tí owó rẹ̀ kò gani lára lóde òní, àìrí-èyí-rà kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn tó wà lórí àtẹ ló jọra jù. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi yẹ Tecno Spark 20 àti Samsung Galaxy A05 wò kí n tó ná kọ́bọ̀. Apá ìparí ọdún 2023 ni àwọn méjèèjì jáde. Ọpọlọ kan náà ló wà nínú wọn, Helio G85 tí ilé iṣẹ́ MediaTek ṣe. Bátìrì wọn jẹ́ 5000 mAh, kámẹ́rà ẹ̀yìn wọn sì jẹ́ 50 megapixel. Ẹni tó bá ka ara páálí nìkan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wọ́n ní ìbejì.

Màámi ni mo fẹ́ rà á fún, owó iṣẹ́ ògbufọ̀ méjì tí mo ṣe ni mo sì fẹ́ fi rà á. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, àwọn fúnra wọn ló sì ń pa á láró. Fóònù tí wọ́n ń lò ti pẹ́ débi pé áàpù báǹkì wọn kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ojú fóònù oníbàárà ni Màámi ń wò láti gbà á gbọ́. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba aṣọ ọ̀pá mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, owó náà kò wọlé. Èrè ọjọ́ mélòó ni ìyẹn kó lọ, ẹni tó ń pàtẹ lábẹ́ oòrùn nìkan ló lè sọ ọ́. Kóló ni fóònù jẹ́ lọ́wọ́ Màámi, bí ẹni ń wá kóló ni mo sì ṣe ń wá a.

Ohun tó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra lára Tecno ni RAM 16 GB tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. 8 GB ni tirẹ̀ gan-an. 8 GB ìyókù, àyè ìpamọ́ ni wọ́n ti yá a. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù Màámi ṣàlàyé. RAM ni tábìlì tí a ń tẹ́ aṣọ sí kí oníbàárà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àyè ìpamọ́ ni yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí. Bí tábìlì bá kún, a lè tẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n àlọ àti àbọ̀ yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, 8 GB jẹ́ ìlọ́po méjì 4 GB tó wà nínú Samsung tí a rí. Kámẹ́rà iwájú Tecno jẹ́ 32 megapixel, ti Samsung jẹ́ 8. Bó bá jẹ́ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ni mo fẹ́ rà fún, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀.

Tecno tún ní ibi ìtẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, Samsung A05 kò ní. Mo rò pé èyí ni yóò pinnu, nítorí Màámi kórìíra nọ́ńbà àṣírí. Òǹtajà ní kí wọ́n gbé àtàǹpàkò lé e. Wọ́n gbé e. Fóònù ní kí wọ́n tún un gbé. Wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n tún gbé e, títí ojú fi ń ti òǹtajà fún wa.

“Ọmọ mi, fi í sílẹ̀,” ni Màámi wí. “Báyìí náà ló ṣe ní báǹkì nígbà BVN. Ìka mi ti bá aró lọ.”

Ọgbọ̀n ọdún nínú aró àti sódà! N kò tíì wo ọwọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá ku ohun tí kò hàn lójú páálí. Samsung ṣèlérí ẹ̀dà Android tuntun méjì àti àtúnṣe ààbò ọdún mẹ́rin fún A05. Mo bi òǹtajà pé ti Tecno ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ẹnì kankan ò bi mí nírú èyí rí.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fóònù àtijọ́ Màámi kò fọ́, ojú rẹ̀ kò sán. Àìrí àtúnṣe gbà mọ́ ló jẹ́ kí áàpù báǹkì kọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ẹni tó kó aṣọ lọ ti rí àyè.

Tecno fi 15,000 náírà wọ́n ju Samsung lọ ní ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ṣájà wà nínú páálí rẹ̀, a sì ní láti ra ti Samsung lọ́tọ̀. Samsung la gbé lọ sílé. Ó máa ń lọ́ra díẹ̀ bí WhatsApp àti áàpù báǹkì bá jọ ṣí, Màámi kò sì kà á sí. Wọ́n ní aró pàápàá ní àkókò tó fi ń mu aṣọ. Wọn kì í di aṣọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìwo iye tó kù nínú àpò ìṣúná wọn. Nọ́ńbà àṣírí náà, àwọn fúnra wọn ló yàn án. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì bèèrè.