Kí Ìdíje Ìwọ̀ Tó Dé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi kúrò ní Ayétòrò. Ọ̀kadà ọ̀rẹ́ mi là ń gùn. Ọ̀pá ìwọ̀ méjì wà ní èjìká mi, agolo ekòló wà láàárín wa. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje. Àwa mẹ́jọ péré ni, ojúlùmọ̀ ara wa, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá sì tẹ̀wọ̀n jù ni yóò gbégbá orókè. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìdíje kó tó máa béèrè ibi tí ẹja ń gbé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa ha ìpẹ́ ẹja tirẹ̀.

*

Odò Yewa ni èmi kọ́kọ́ dá lábàá. Òun ló bí orúkọ tí a ń jẹ́ láti 1995, nígbà tí a fi orúkọ Ẹ̀gbádò sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò gbà. Ó ní ibi tí òun mọ̀ níbẹ̀, igbó ti pàdé lórí omi, ìwọ̀ mẹ́jọ á kàn máa kọ́ ara wọn ni. Ọ̀yán ló fẹ́, ibẹ̀ la sì gbà lọ.

*

Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983. Omi rẹ̀ tẹ́ lọ bíi hẹ́kítà 4,000. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi yẹn, oko àti abúlé ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun. Níbi tí omi ti fà, kùkùté igi ń yọrí. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó ń kà wọ́n. "Ilé nìyẹn," ó ní. Ẹja ń sá oòrùn, ó ń sá ẹyẹ. Ìdí kùkùté ló ń fara pamọ́ sí.

*

Ní Amẹ́ríkà, bass ni ẹja tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe irú ìdíje yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, Ray Scott pe apẹja 106 jọ sí adágún Beaver ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Wọ́n máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kí olùdíje lè yẹ omi wò ṣáájú. Kò sí bass ní Ọ̀yán. Ẹ̀pìyà, òbòkún àti àrọ̀ la ní. Ṣùgbọ́n bass náà, ìdí kùkùté ló ń lúgọ sí.

*

Ní Argungu, òdì kejì yíyẹ omi wò ṣáájú ni. Láti 1934 tí àjọ̀dún ẹja wọn ti bẹ̀rẹ̀, Sarkin Ruwa ló ń ṣọ́ odò Mata Fada, ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé. Ẹja tó gba ipò kìíní ní 2020 wọ̀n tó kílò 78.

*

Obìnrin ẹlẹ́ja kan ń gbé agbada rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Ó wò wá, ó wo ọ̀pá ìwọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kò béèrè ibi tí ẹja wà; ó béèrè pé ṣé a lè rí ohun tó wà nínú agbada. Òbòkún ló pọ̀ jù, ẹrẹ̀ dúdú ṣì wà lára wọn. A mọ̀ pé inú jíjìn ni wọ́n ti wá. Kí ó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ nawọ́ sí apá ibì kan: "Ẹ yà fún ojú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti lé wọn."

*

Lórí iyanrìn, níbi tí omi kò ti jìn, a rí ihò róbótó tó tó àwo ọbẹ̀. Ibùsùn ẹ̀pìyà. Irú ẹ̀pìyà kan wà tó jẹ́ pé inú ẹnu ló ń kó ẹyin rẹ̀ sí títí wọn yóò fi pa. Ọ̀rẹ́ mi ká okùn rẹ̀. A kọjá lọ.

*

Ọ̀sán gangan. Àwọn ọmọdé bẹ́ sómi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, àyà mi sì já. Àwọn oníwádìí ti rí àtọ̀sí ajá lára ọ̀pọ̀ ọmọ ní àwọn abúlé tó yí dáàmù yìí ká. Ìgbín kékeré inú omi ló ń tọ́ kòkòrò rẹ̀ dàgbà. Kòkòrò náà a jáde nígbà tí oòrùn bá mú, a gba awọ ara wọlé, lẹ́yìn náà ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì tọ̀ sómi, àrùn náà tún padà sọ́dọ̀ ìgbín. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo ọmọ tó bá tún wọ omi kan náà lọ́la. Omi tí a sé fún ànfààní ìlú kò yẹ kó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ìlú. A pè wọ́n jáde. Méjì jáde.

*

Ibi mẹ́rin la kọ sílẹ̀. Èyí tó dára jù wà lẹ́yìn ojú oró: ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ju ìwọ̀, òbòkún méjì ló gbé e. Ṣùgbọ́n kò sí àpáta, ọkọ̀ kò dé ibẹ̀, àfi kéèyàn wọ omi dé orúnkún. Ọ̀rẹ́ mi fi bírò fa ìlà sórí rẹ̀. Ó ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá.

*

Ẹ̀yin mẹ́fà tó kù, inú ọkọ̀ tàbí orí àpáta la ó ti pẹja ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ omi.