Omi Tó Dákẹ́ Rọ́rọ́

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Port Harcourt lọ sí Bonny á ti rí i rí: gbogbo omi ń ru, àmọ́ ojú ibì kan á tẹ́jú, á máa dán bíi dígí. Kíá la ó ti pariwo pé, "Epo tún ti dà o!" A ò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ohun tí epo rọ̀bì ṣe fún odò Bodo ní 2008, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ epo rọ̀bì. Àwọn ewéko tíńtín kan wà nínú òkun tí ojú lásán ò lè rí. Lọ́dọọdún, láti July sí September, omi tútù máa ń ru sókè lójú òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, á gbé oúnjẹ wá fún wọn, wọ́n á sì pọ̀ sí i. Ohun ọlọ́ràá kan ń jáde lára wọn tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ: apá kan fẹ́ràn omi, apá kejì ń sá fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó, tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í jẹ́ kí ìgbì kéékèèké dìde. Ewéko wọ̀nyí náà ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí gbogbo ewéko ayé ń mú jáde. Ìyè ló fa ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ní December 2011, nǹkan bí 40,000 àgbá epo dà sójú òkun ní Bonga. Sátẹ́láìtì tó ní rédà lè rí irú epo bẹ́ẹ̀ láti òkè, torí pé ibi tí omi bá ti dákẹ́ máa ń dúdú nínú àwòrán rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ti ewéko náà máa ń dúdú bẹ́ẹ̀. Kó tó lè dáni lójú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ débẹ̀, kó bu omi náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ilé wa ńkọ́? Ilé kan dákẹ́ torí pé wọ́n ti dárí ji ara wọn. Òmíràn dákẹ́ torí pé ọ̀rọ̀ ti sú ìyàwó, ẹ̀rù bàbá sì ń ba àwọn ọmọ. Téèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bákan náà ni méjèèjì rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, "Àlàáfíà ni, Pásítọ̀" ni gbogbo yín máa ń sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo ẹni tó dákẹ́ jù nínú ilé yín. Ẹ bi í pé, "Ṣé dáadáa lo wà lóòótọ́?" Kẹ́ ẹ wá jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ èsì.