Orúnkún Tí Ó Ń Yẹ̀ Nínú Ìdílé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Ìwọ òǹkàwé mi, o lè rò pé ojú àti imú nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Gbọ́ ohun tí orúnkún mi fi kọ́ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí eegun tí ó dé orúnkún mi lórí kọ́kọ́ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bọ́ọ̀lù ni à ń gbá ní Agbowó. Mo yí padà lójijì, mo sì ṣubú lulẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ó ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Ìyá arúgbó kan tí ń ta àkàrà lójúde wa ni wọ́n nàka sí, nítorí pé mo ra àkàrà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kò kí i mọ́.

Nígbà tí àwọn òbí mi gbé mi dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní 1957, dókítà kò béèrè ọ̀tá wa. Èékánná mi ni ó kọ́kọ́ wò. Ó ní àìsàn àjogúnbá kan wà tí í ba èékánná jẹ́, tí í sì í sọ eegun orúnkún di kékeré. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àléébù inú àbùdá tí a ń pè ní LMX1B ni ó ń fà á. Tèmi kì í ṣe ìyẹn. Ó wá béèrè bóyá ẹnìkan nínú ẹbí wa ní irú rẹ̀ rí.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, tèmi náà máa ń yẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Dókítà ṣàlàyé pé kòtò kan wà lórí eegun itan tí eegun yìí ń gbà lọ gbà bọ̀. Nínú ìdílé mìíràn, a máa ń bí ọmọ tí kòtò rẹ̀ kò jìn, tàbí tí oríkèé rẹ̀ dẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń jogún rẹ̀, kì í sì í sábà jẹ́ àbùdá kan ṣoṣo ni ó ń fà á. Eré ìdárayá tí ń fún iṣan itan lágbára ni wọ́n fi tọ́jú mi. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tí kò bá gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá alákàrà, ó tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, òǹkàwé mi, bí oríkèé rẹ bá ń yẹ̀ léraléra, tètè lọ rí dókítà. Kí o tó nàka sí aládùúgbò, kọ́kọ́ bi àwọn òbí rẹ léèrè ohun tí ó ti ṣe wọ́n rí.